Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Àwọn Ẹ̀dá Wẹ́wẹ́ inú Omi

Àlọ́ o!
Àlọ̀!
Inú omi ni wọ́n bí i sí, kì í ṣe ẹja. Ó ń fò, kì í ṣe ẹyẹ. Ó ń gún ènìyàn, kì í ṣe abẹ́rẹ́. Kí ni o?

Bí ẹ bá dáhùn pé ẹ̀fọn ni, ẹ gbà á. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ lè dá ẹ̀fọn mọ̀ nígbà tí kò tíì hu ìyẹ́, tí ó ṣì ń gbé inú omi? Ǹjẹ́ ẹ lè yà á sọ́tọ̀ láàrin àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ mìíràn tí wọ́n jọ wà nínú omi kan náà? Ohun tí a fẹ́ kọ́ lónìí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé Mowe tàbí Ibafo ni ilé yín wà, lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ tí ó lọ láti Èkó sí Ìbàdàn. Ó sì lè jẹ́ Ìfọ̀ ni, ní òdìkejì odò Ògùn, lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta. Ní àwọn ìlú wọ̀nyí, àwọn kan máa ń sin ẹja àrọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé wọn. Ká ní bàbá yín ṣẹ̀ṣẹ̀ fi búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì mọ adágún ẹja kékeré kan. Wọ́n fọ̀ ọ́ léraléra títí oró sìmẹ́ńtì fi kúrò lára rẹ̀. Wọ́n pọn omi kànga kún un, wọ́n da ìgbẹ́ adìẹ díẹ̀ sí i, wọ́n sì ní kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kí àwọn tó lọ ra ọmọ ẹja wá.

Ní ọjọ́ kẹwàá, ẹ bẹ omi náà wò. Omi tí ó mọ́ gaara tẹ́lẹ̀ ti di àwọ̀ ewé. Nǹkan tíntìntín kan ń fò sókè sódò. Òmíràn ń yí ara bí ejò. Òmíràn pupa bí ẹ̀jẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ra ọ̀kankan nínú wọn, kò sì sí ẹni tí ó mọ orúkọ wọn.

Ẹ̀gbọ́n yín dé, ó ní, "Ìdin ti kún inú omi yìí. Ẹ jẹ́ kí a dà á nù!" Aládùúgbò yín dé, ó ní, "Ẹ bu òògùn apakòkòrò díẹ̀ sí i, gbogbo wọn ni yóò kú." Ìyá àgbà dé, wọ́n ní, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ẹja ni yóò jẹ gbogbo rẹ̀."

Ìmọ̀ràn mẹ́ta ni èyí. Èwo ni kí a tẹ̀lé? Bí a bá da omi náà nù, a ó da oúnjẹ àwọn ọmọ ẹja nù pẹ̀lú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni omi tuntun tí a bá pọn yóò tún rí bákan náà ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Bí a bá bu òògùn sí i, òògùn náà lè pa ẹja, ó sì lè ṣe ẹni tí yóò jẹ ẹja náà ní ibi. Bí a bá sì fi gbogbo wọn sílẹ̀, ọ̀kan wà nínú wọn tí yóò máa pa àwọn ọmọ ẹja jẹ. Nítorí náà, kí a tó ṣe ohunkóhun, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí ń gbé inú omi wa. Àwọn àgbà ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ta ni ó kó wọn wá?

Omi kì í bí ohun abẹ̀mí fúnra rẹ̀. Ibì kan ni wọ́n ti wá. Ẹ̀fọn fò wá ní alẹ́, ó yé ẹyin sójú omi. Lámilámi fò wá ní ọ̀sán, ó ń ti ìdí bọ omi, ó ń yé. Àwọn tí kò lè fò bá korobá omi odò wá, tàbí kí wọ́n lẹ̀ mọ́ ewé odò àti ẹsẹ̀ àwọn ẹyẹ tí ń wá mu omi. Ẹyin àwọn mìíràn lè wà nínú ẹrẹ̀ gbígbẹ fún ìgbà pípẹ́ láìkú. Afẹ́fẹ́ lè gbé e pẹ̀lú eruku, bí ó bá sì kan omi, yóò pa.

Bí a ṣe ń dá wọn mọ̀

Ẹ sọ fún àgbàlagbà kan kí ó dúró tì yín, nítorí pé kò yẹ kí ọmọdé máa dá bẹ omi wò. Ẹ fi abọ́ funfun bu omi díẹ̀. Àwọ̀ funfun yóò jẹ́ kí ẹ tètè rí wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ rọra da omi náà sínú ìgò tí ó mọ́ gaara, kí ẹ gbé e sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ sì jẹ́ kí ó rọlẹ̀. Bí ẹ bá ní díńgí tí ń mú nǹkan tóbi lójú, ẹ lò ó. Nígbà náà, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́rin yìí:

1. Báwo ni ó ṣe ń rìn? Ṣé ó ń fò ni, àbí ó ń yí ara, àbí ó ń fà nílẹ̀?
2. Apá ibo nínú omi ni ó fẹ́ràn jù: òkè, àárín, tàbí ìsàlẹ̀?
3. Báwo ni ara rẹ̀ ṣe rí? Ẹsẹ̀ mélòó ni ó ní? Ojú mélòó? Ǹjẹ́ ó ní ìrù tàbí ìkarahun?
4. Kí ni ó ń dà bí ọjọ́ ti ń lọ?

Ẹ ya àwòrán ohun tí ẹ rí, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ rí i sí abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo àwọn mẹ́fà tí ẹ lè bá pàdé.

Èkíní: tanwíjí

Tanwíjí ni ọmọ ẹ̀fọn. Kò ní ẹsẹ̀ rárá. Òkè omi ni ó ń dúró sí, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí a ń mí ni òun náà ń mí. Bí òjìji yín bá bò ó, yóò yí ara wìrìwìrì lọ sí ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, yóò tún padà wá sókè láti mí. Ẹ wò ó dáadáa nígbà tí ó bá dúró. Bí ó bá dorí kodò, tí ó na ìdí sókè, ọmọ ẹ̀fọn tí kì í fa ibà ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá sùn gbalaja lábẹ́ ojú omi bí igi tí ó léfòó, ọmọ ẹ̀fọn tí ń gbé ibà kiri ni. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ó ti di ẹ̀fọn, ó sì ti fò lọ. Bí àwọn ọmọ ẹja bá ti dàgbà díẹ̀, wọn yóò máa jẹ tanwíjí. Ṣùgbọ́n nínú àgbá omi tí a ń mu, tí kò ní ẹja, ìdérí ni oògùn tanwíjí.

Èkejì: dáfíníà

Èyí kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ oníkókó lọ. Ara rẹ̀ rí roboto, ó sì mọ́ débi pé ẹ lè rí oúnjẹ nínú ikùn rẹ̀. Àárín omi ni ó ń gbé. Yóò fò sókè lẹ́ẹ̀kan, yóò rọra rì díẹ̀, yóò tún fò. Àwọn ohun tíntìntín tí ó sọ omi di àwọ̀ ewé ni oúnjẹ rẹ̀. Kì í ge ènìyàn jẹ, kì í sì í ṣe ẹja ní ibi. Òun gan-an ni oúnjẹ tí àwọn ọmọ àrọ̀ fẹ́ràn. Nítorí rẹ̀ ni bàbá yín fi da ìgbẹ́ adìẹ sínú omi ṣáájú kí ẹja tó dé.

Ẹ̀kẹta: ìdin pupa

Ìdin yìí gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì pupa. Ìsàlẹ̀ omi, nínú ẹrẹ̀, ni ó ń kọ́ ilé bí ihò kékeré sí. Ẹ má ṣe rò pé ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni ó mu. Nǹkan pupa tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tiwa, tí ń gbé afẹ́fẹ́ káàkiri ara, ni ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà. Òun ni ó ń jẹ́ kí ó lè gbé inú ẹrẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò pọ̀. Bí ó bá dàgbà, yóò di kòkòrò kan tí ó jọ ẹ̀fọn, ṣùgbọ́n tí kì í mu ẹ̀jẹ̀. Oúnjẹ ẹja ni òun náà.

Ẹ̀kẹrin: ọmọ lámilámi

Gbogbo yín ni ẹ mọ lámilámi tí ń fò lórí omi. Ọmọ rẹ̀ kò jọ ọ́ rárá. Ó ní ẹsẹ̀ mẹ́fà àti ojú ńlá méjì, àwọ̀ rẹ̀ sì dàbí ti ẹrẹ̀. Ìsàlẹ̀ omi tàbí ara ewé ni ó ń ba sí láìmira. Ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ ká sí abẹ́ orí rẹ̀ bí apá tí a ká. Bí ohun kékeré kan bá ń kọjá, yóò na ètè náà jáde lójijì, yóò sì gbá a mú. Ó ń jẹ tanwíjí, èyí sì dára. Ṣùgbọ́n ó ń pa ọmọ ẹja tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa jẹ pẹ̀lú. Òun ni ó yẹ kí a fi asẹ́ kó kúrò kí ọmọ ẹja tó dé.

Ẹ̀karùn-ún: sáíkílọ́ọ̀pù

Èyí kéré púpọ̀. Bí ẹ bá gbé ìgò sí ìmọ́lẹ̀, yóò dàbí èérún funfun kan tí ń ta pọ́ún pọ́ún. Ojú kan ṣoṣo ni ó ní, ní àárín iwájú orí. Ara rẹ̀ fẹ̀ níwájú, ó tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn. Abo rẹ̀ máa ń gbé àpò ẹyin méjì, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ òsì. Oúnjẹ ọmọ ẹja ni. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbàgbé ẹ̀dá yìí, nítorí ìtàn kan wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ìgbà àtijọ́, àrùn sòbìà da àwọn ará abúlé láàmú ní ilẹ̀ Yorùbá. Aràn funfun tí ó lè gùn tó mítà kan ni ó máa ń yọ jáde lára ènìyàn, pàápàá jù lọ ní ẹsẹ̀. Ó ń ta ni bí iná. Àgbẹ̀ kò ní lè lọ sí oko, ọmọ kò ní lè lọ sí ilé ìwé. Púpọ̀ ènìyàn rò pé àwọn ọ̀tá ni ó fi ṣe wọ́n. Wọn kò mọ̀ pé nínú omi tí wọ́n ń mu ni ó ti wá.

Ní nǹkan bí ọdún 1870 ni ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Fedchenko fi ẹ̀sọ̀ wo sáíkílọ́ọ̀pù. Ó rí i pé ọmọ aràn sòbìà ń gbé inú rẹ̀. Bí ènìyàn bá mu omi tí sáíkílọ́ọ̀pù bẹ́ẹ̀ wà nínú rẹ̀, aràn náà yóò dàgbà nínú ara rẹ̀ fún bí ọdún kan. Bí aràn bá yọ, tí aláìsàn sì ti ẹsẹ̀ bọ odò kí ara lè tù ú, aràn yóò da ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ sínú omi. Sáíkílọ́ọ̀pù yóò gbé wọn mì, bẹ́ẹ̀ ni àrùn náà yóò tún bẹ̀rẹ̀.

Sòbìà kò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, bẹ́ẹ̀ ni kò ní oògùn tí ń wò ó. Báwo ni a ṣe wá ṣẹ́gun rẹ̀? Aṣọ ni! Sáíkílọ́ọ̀pù kéré lójú wa, ṣùgbọ́n kò kéré tó ihò aṣọ tí a hun pọ̀ dáadáa. Wọ́n kọ́ àwọn ará abúlé láti máa fi aṣọ sẹ́ omi mímu. Wọ́n kìlọ̀ fún aláìsàn kí ó má ti ẹsẹ̀ bọ odò. Wọ́n gbẹ́ kànga, wọ́n sì da oògùn tí ń pa sáíkílọ́ọ̀pù sínú àwọn omi kan. Nígbà tí wọ́n ka àwọn aláìsàn ní Nàìjíríà láàrin ọdún 1987 sí 1988, wọ́n lé ní 650,000. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn. Ní ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé sòbìà ti kúrò ní Nàìjíríà.

Nítorí náà, sáíkílọ́ọ̀pù inú adágún yín kò gbé sòbìà mọ́. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹja. Ní ilẹ̀ òkèèrè, bíi Amẹ́ríkà àti Jámánì, àwọn kan ń sin ẹja òkun sínú àpótí oní-díńgí pẹ̀lú òkúta láti inú òkun. Bí àpótí náà bá ṣì jẹ́ tuntun, àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ tí wọn kò rà máa ń yọ jáde láti inú ihò òkúta, ẹ̀rù a sì bà wọ́n. Ìbátan sáíkílọ́ọ̀pù ni púpọ̀ nínú wọn, oúnjẹ ẹja sì ni wọ́n. Ẹ rí i pé ìbéèrè tí ó wà ní Mowe ni ó wà lọ́hùn-ún pẹ̀lú.

Ẹ̀kẹfà: ìgbín omi kékeré

Ara ògiri adágún tàbí ara ewé odò ni ẹ ó ti rí i. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ lásán mú un. Bí ìkarahun rẹ̀ bá wà nínú abọ́, tí ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sókè, tí ẹnu rẹ̀ sì kọjú sí yín, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ tí ẹnu náà wà. Ọwọ́ ọ̀tún ni ẹnu ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbín máa ń wà. Bí ó bá wà ní ọwọ́ òsì, ẹ ṣọ́ra, ẹ sì pe àgbàlagbà. Ó lè jẹ́ irú ìgbín tí ń gbé àtọ̀sí ajá.

Àtọ̀sí ajá ni àrùn tí ń mú kí ọmọ máa tọ ẹ̀jẹ̀. Bí ẹni tí ó ní in bá tọ̀ sínú omi, ẹyin aràn inú ìtọ̀ náà yóò pa. Ọmọ aràn yóò wọ inú ìgbín. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, yóò jáde, yóò sì gba ara ènìyàn tí ó bá wọ omi náà wọlé láìjẹ́ pé ẹni náà mu ún. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí, lẹ́yìn tí wọ́n ṣí ìsédò Ọ̀yán nítòsí Abẹ́òkúta ní ọdún 1983, irú ìgbín yìí pọ̀ sí i nínú omi tí ó dúró sójú kan. Ọ̀pọ̀ ọmọ ní àwọn abúlé ẹ̀bá rẹ̀ ni ó kó àtọ̀sí ajá. Oògùn rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn. Ọmọ tí ó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ tijú láti sọ fún òbí rẹ̀. Ẹ má ṣe tọ̀ sínú omi, ẹ má sì ṣe kó ewé odò wá sínú adágún.

Kí ni ẹ ó wí fún bàbá yín?

Ẹ padà sídìí adágún. Ẹ̀gbọ́n yín ti gbé korobá, aládùúgbò ti mú òògùn lọ́wọ́. Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ sì wí pé, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n dà á nù. Ẹ wá wo ìgò yìí. Àwọn tí ń fò ní àárín yìí, oúnjẹ ẹja ni wọ́n. Àwọn pupa ìsàlẹ̀ yìí, oúnjẹ ẹja ni. Ọmọ lámilámi nìkan ni kí a fi asẹ́ kó kúrò. Kí a sì da àwọ̀n bo adágún, kí lámilámi mìíràn má baà yé sí i."

Ọmọ tí ó bá lè sọ báyìí ti gba oúnjẹ àwọn ẹja là, ó sì ti gba ilé lọ́wọ́ májèlé. Kì í ṣe agbára ni ó fi ṣe é. Ojú ni. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ má ṣe pe ohun tí ẹ kò mọ̀ ní ọ̀tá, ẹ má sì ṣe pè é ní ọ̀rẹ́, títí ẹ ó fi wò ó dáadáa.

Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ta kókó

tanwíjí: ọmọ ẹ̀fọn tí ó ṣì ń gbé inú omi
sẹ́ omi: kí a da omi gba inú aṣọ tàbí asẹ́ kọjá kí ìdọ̀tí lè kúrò
ìsédò: ògiri ńlá tí a fi dí odò kí omi lè pọ̀ sẹ́yìn rẹ̀
ba: kí a fi ara pamọ́ láìmira
májèlé: ohun tí ń pa ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ tàbí tí ó bá mu ún

Ìbéèrè

1. Kí ni ìdáhùn sí àlọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí?
2. Dárúkọ ọ̀nà mẹ́ta tí àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ ń gbà dé inú omi tuntun.
3. Báwo ni a ṣe ń dá tanwíjí ẹ̀fọn tí ń gbé ibà mọ̀?
4. Èwo nínú àwọn ẹ̀dá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni ó ń pa ọmọ ẹja jẹ?
5. Kí ni ìdí tí fífi aṣọ sẹ́ omi fi lè dá sòbìà dúró?
6. Ní ọdún wo ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé sòbìà ti kúrò ní Nàìjíríà?
7. Kí ni kò dára nínú ìmọ̀ràn aládùúgbò? Kí ni kò dára nínú ti ìyá àgbà?
8. Kí ni ó yẹ kí ọmọ ṣe bí ó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ rẹ̀?

Iṣẹ́ ṣíṣe

Pẹ̀lú olùkọ́ yín, ẹ bu omi òjò sínú ìgò kan, kí ẹ fi aṣọ tín-ín-rín bo ẹnu rẹ̀. Ẹ bu omi òjò sínú ìgò kejì, ẹ má bò ó. Ẹ máa wo ìgò méjèèjì ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ mẹ́wàá, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀. Nínú ìgò wo ni tanwíjí ti yọ? Kí ni ìdí rẹ̀? Ẹ da omi náà sórí ilẹ̀ gbígbẹ ní ọjọ́ kẹwàá, kí ó má baà di ẹ̀fọn.